Ẹ̀yà Ara Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Kàlẹ́ńdà Tirẹ̀: Ohun Tí Kìlómítà 21 Kọ́ Mi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. Tí èèyàn bá ti ń ṣe ìdánrawò eré sísá fún oṣù kan, tí kì í mí hẹlẹ mọ́, tí ara rẹ̀ wá fúyẹ́, ṣé ó ti ṣe tán láti sá kìlómítà mọ́kànlélógún? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ni pé rárá o. Ọkàn lè ti ṣe tán kí iṣan tó ṣe tán. Ẹ̀jẹ̀ lè ti ṣe tán kí egungun tó gbọ́ ìròyìn pàápàá.

Ohun tó tóbi jù tí mo kọ́ nìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí mo fi múra sílẹ̀ fún eré ọ̀nà jíjìn mi àkọ́kọ́. Ara wa kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ó dà bí ilé tí oríṣiríṣi oníṣẹ́ ọwọ́ ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: bíríkìlà, káfíńtà, oníná, ẹni tó ń fa omi. Kálukú ló ní ìgbà tó máa parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá kó wọlé nígbà tí bíríkìlà nìkan ti parí, òjò máa pa á.

Kìlómítà 21 àti díẹ̀ ni ìdajì eré márátọ́ọ̀nù. Márátọ́ọ̀nù odindi jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì London lọ́dún 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn, ọdún 1921 ni wọ́n tó wá fọwọ́ sí i pé òun ni òdiwọ̀n fún gbogbo ayé. Èmi ò tíì dé ibẹ̀ o. Ìdajì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, ní Ìbàdàn tí mò ń gbé, ìlú tó kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú àwa mélòó kan tí a máa ń sáré pọ̀ ládùúgbò.

Kí ẹsẹ̀ tó kan ọ̀nà: jẹ́nótáìpù ńkọ́?

AS ni mí. Nígbà tí mo sọ fún màámi pé mo fẹ́ máa sáré ọ̀nà jíjìn, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn nìyẹn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé AS ni ẹ́ ni? Ṣé o fẹ́ lọ ṣubú sójú títì ni?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè."

Wọ́n ní, "Ta lo fẹ́ bi? Fóònù?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ lójú tiwọn. Àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde ló mú àbúrò wọn obìnrin lọ nígbà tó ṣì kéré. Àtìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ lẹ́tà S yẹn, ọkàn wọn kì í balẹ̀. Nítorí náà, mo lọ rí dókítà, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èròjà kan wà tó ń jẹ́ hìmóglóbíìnì, òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ẹni tó jẹ́ AA, oríṣi A nìkan ló ní. Ẹni tó jẹ́ SS, oríṣi S ló ní, òun ni àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde máa ń ṣe. Àwa AS ní méjèèjì, A ló sì pọ̀ jù. Ní Nàìjíríà, a sún mọ́ ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́rin. Ara wa le, a tiẹ̀ ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó burú jáì. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá le kọjá àlà lójijì, tí ooru mú, tí omi sì gbẹ lára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tiwa náà lè ká kò bíi dòjé.

Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000. Wọ́n fi àwọn tó jẹ́ AS wé àwọn tí kì í ṣe AS. Wọn ò rí i pé àwọn AS ń kú ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìṣòro kan, níbi tí ẹran ara ti ń fọ́ tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń da kíndìnrín láàmú, fi nǹkan bí ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn AS. Ẹ rántí pé àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ní òfin tó de ìdánrawò wọn: omi mímu, ìsinmi, àti ìṣọ́ra nígbà ooru.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màámi báyìí: "Eré kọ́ ló léwu, mà. Ìkánjú ló léwu." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ dá nìkan sáré." Mo gbà. Òfin mi wá di mẹ́rin: mi ò ní dá sáré jìnnà, àwọn tí a jọ ń sáré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé AS ni mí, mi ò ní sáré tí ibà bá ń ṣe mí, tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ tàbí tó dì pọ̀, ìjókòó ni, kì í ṣe "jẹ́ kí n fara dà á". Ohun mìíràn tí gbogbo asáré gbọ́dọ̀ mọ̀: tí ìtọ̀ bá dúdú bíi Kóòkì lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ o, kì í ṣe ilé.

Ẹ̀jẹ̀ àti òógùn: ọ̀sẹ̀ méjì

Ohun tó kọ́kọ́ yí padà lára asáré ni omi inú ẹ̀jẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe yá tó. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, òógùn máa ń tètè jáde, iyọ̀ inú òógùn náà sì máa ń dín kù. Ara ti mọ̀ pé iṣẹ́ ooru ti dé, ó sì ń tọ́jú iyọ̀ rẹ̀.

Kí nìdí tí òógùn fi ṣe pàtàkì? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Tí ẹnì kan bá wọn kílò 65, ó máa ná nǹkan bíi kálórì 65 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá sá kìlómítà 8 ní wákàtí kan, kálórì 520 nìyẹn. Nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń di ìrìn. Gbogbo ìyókù, tó tó 390, ooru ló ń dà. Tí ooru yẹn ò bá rí ọ̀nà jáde, ara tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 37 máa gòkè kọjá 40, ibẹ̀ sì ni ikú ń gbé.

Lítà òógùn kan tó bá gbẹ kúrò lára máa ń gbé tó kálórì 580 lọ. Ìyẹn ni pé òógùn tí ò tó lítà kan lè gbé ooru wákàtí kan. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: èyí tó bá gbẹ lára nìkan ni. Èyí tó kán sílẹ̀ tó-tó-tó ò gbé nǹkan kan lọ. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bó ṣe máa ń rí lásìkò òjò níbí, òógùn kì í gbẹ. Ẹ lè tutù jìn-ìn-jìn kí inú yín sì máa hó. Ìdí nìyí tí àwa fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí oòrùn tó fi ooru tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn náà tí mi ò fi í wọ súwẹ́tà tàbí ọ̀rá sáré, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè "sun ọ̀rá". Omi ni wọ́n ń sun, kì í ṣe ọ̀rá. Tí wọ́n bá mu ife omi mélòó kan, ìwọ̀n wọn á padà síbi tó wà.

Ọkàn: ọ̀sẹ̀ mélòó kan

Láràárọ̀, kí n tó dìde lórí ibùsùn, mo máa ń fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ mi, màá ka iye ìgbà tí ọkàn mi lù ní ìṣẹ́jú kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 78 ni. Lọ́sẹ̀ kẹrìndínlógún, 64 ni.

Ṣé ọkàn ti ń ṣọ̀lẹ ni? Ó tì o. Nígbà tí èèyàn bá sinmi, ọkàn ń tú nǹkan bíi lítà ẹ̀jẹ̀ márùn-ún jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá lù nígbà 78 kó tó parí iṣẹ́ yẹn, a jẹ́ pé mìlílítà 64 ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Tó bá lù nígbà 64 péré, mìlílítà 78 nìyẹn. Iṣẹ́ ò yí padà, igbá tó fi ń bu omi ló tóbi sí i. Ìyàtọ̀ ìlù mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìlù tó lé ní 20,000 ní ọjọ́ kan tí ọkàn fi ń sinmi.

Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra yín, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ó sì ní àǹfààní kejì: tí iye náà bá ṣàdédé fò sókè láàárọ̀ kan, bóyá ó fi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lé, ara lè máa sọ fún yín pé oorun ò tó, tàbí pé ibà ń bọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mo máa ń sinmi.

Sẹ́ẹ̀lì: rọra sáré kí iná lè pọ̀

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹran ẹsẹ̀ wa, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní máítókọ́ńdríà. Ẹ kà wọ́n sí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ń gba ọ́síjìn, wọ́n ń gba ọ̀rá àti súgà, wọ́n ń sọ wọ́n di agbára. Lọ́dún 1967, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ John Holloszy fi àwọn eku sórí ẹ̀rọ ìsáré fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yẹ ẹran ẹsẹ̀ wọn wò, ó rí i pé agbára máítókọ́ńdríà wọn láti lo ọ́síjìn ti tó ìlọ́po méjì ti àwọn eku tí kò sáré. Iṣẹ́ yẹn ló ṣínà fún ìmọ̀ ìdánrawò òde òní.

Báwo lèèyàn ṣe ń fi kún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yà mí lẹ́nu. Mo rò pé eré àsápajúdé ni ìdáhùn. Stephen Seiler, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, wo bí àwọn eléré tó mọ iṣẹ́ jù láyé ṣe ń ṣe ìdánrawò. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánrawò wọn ni wọ́n ń rọra ṣe. Ìdá 20 tó kù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó le. Tí ọ̀gá bá ń rọra, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá kiri?

Èèyàn lè rọra sáré pẹ́, pípẹ́ yẹn ló sì ń sọ fún ẹran ẹsẹ̀ pé kó kọ́ jẹnẹrétọ̀ sí i, kó sì la òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tuntun. Tí eré bá ti le jù, súgà ni ara á máa sun, ó máa rẹ èèyàn kíákíá, ọ̀la á sì nira.

Ẹ má wulẹ̀ ra aago olówó gọbọi. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wà lẹ́nu yín. Tí ẹ bá ń sáré, ẹ máa bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn odindi, láìdúró mí láàárín, ìwọ̀n yẹn ló tọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì-méjì lẹ lè sọ, ẹ ti ń yára jù. Àwa máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù ni. Bí iyàn bá ti dákẹ́, a mọ̀ pé eré ti le jù nìyẹn, a ó sì dín in kù.

Àwọn ọlọ́kadà máa ń bú wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Ìjàpá! Ẹ sáré jàre!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀.

Iṣan àti egungun: ọ̀pọ̀ oṣù

Àwọn oníṣẹ́ tó ń pẹ́ jù nínú ilé tí à ń kọ́ ló kàn báyìí. Bí èèyàn ṣe ń sáré, ó máa ń tó ìgbà 165 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìwọ̀n eré tèmi, ìyẹn lé ní ìgbẹ́sẹ̀ 1,200 lórí kìlómítà kan, ó sì sún mọ́ 26,000 lórí kìlómítà 21. Ìgbẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara wa. Ẹni tó wọn kílò 65 ń já ẹrù kílò 130 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹsẹ̀ kan, nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, bí èyí tó nípọn lókè gìgísẹ̀, ló ń gba ẹrù yìí. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rẹ̀ fi ń falẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ lè lágbára sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣan máa gba ọ̀pọ̀ oṣù. Egungun tún ní ìṣe tirẹ̀: kó tó kọ́ tuntun, ó máa kọ́kọ́ gbẹ́ ti àtijọ́ kúrò. Nítorí náà, àkókò kan wà láàárín, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí egungun lè má le tó bó ṣe yẹ, nígbà tí ẹni tó ni ín ń rò pé òun ti di akíkanjú.

Ẹ ti rí i báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọkàn ń sọ pé "ká lọ!", iṣan ń sọ pé "ẹ dúró dè mí." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ asáré tuntun ti ń ṣèṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ sá kìlómítà mẹ́rìnlá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nítorí ara rẹ̀ yá gágá. Ó sá a tán láìsí wàhálà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, kò lè fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ láàárọ̀, ó sì tó oṣù méjì kó tó padà bọ̀ sípò.

Ètò tí èmi tẹ̀ lé rèé. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń sáré: ọjọ́ méjì fún kúkúrú, ọjọ́ kan fún gígùn. Eré gígùn náà bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà mẹ́ta. Mo ń fi kìlómítà kan àtààbọ̀ kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, mi ò ní fi kún un, ńṣe ni màá dín in kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, mo dé kìlómítà 18. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ìsinmi ló pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn kan, màá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara mi sókè, màá sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣan fẹ́ràn ẹrù tó wúwo tó sì lọ́ra.

Oúnjẹ: ìṣirò epo ọkọ̀

Ara ní táńkì epo méjì. Àkọ́kọ́ ni súgà tó tọ́jú sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀, gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi gírámù 400 sí 500 lọ. Tí gírámù kọ̀ọ̀kan bá ní kálórì mẹ́rin, nǹkan bíi 2,000 nìyẹn. Èkejì ni ọ̀rá. Ẹni tó ní kílò ọ̀rá mẹ́wàá péré lára ní epo tó lé ní kálórì 70,000. Ọ̀rá pọ̀ bí òkun, àmọ́ páìpù tó ń gbé e jáde tín-ín-rín. Súgà kéré, àmọ́ ó ń yára jáde.

Ẹ wá padà sórí ìṣirò wa: kálórì 65 lọ́nà 21 jẹ́ 1,365. Táńkì súgà lè gbé e, pàápàá tí ọ̀rá bá ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ 65 lọ́nà 42 jẹ́ 2,730. Ìdí nìyẹn tí agbára fi máa ń tán lára ọ̀pọ̀ asáré márátọ́ọ̀nù lójijì ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́. Epo ló tán.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré gígùn, mo máa ń jẹ oúnjẹ tó ń fún ara ní súgà: ìrẹsì, iṣu, tàbí àmàlà, kì í ṣe ẹran ńláńlá. Láàárọ̀, nǹkan bíi wákàtí kan kí n tó jáde, búrẹ́dì díẹ̀ àti tíì. Tí eré bá máa ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní nǹkan bíi gírámù 25 èròjà súgà, àmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ sì ni gírámù 30 sí 60 ní wákàtí kan. Ẹ má dán oúnjẹ tuntun wò lọ́jọ́ ìdíje o. Ọjọ́ ìdánrawò ni ikùn náà ń kẹ́kọ̀ọ́.

Omi: kó má kéré, kó má pọ̀ jù

Gbogbo wa la mọ̀ pé àìmu omi léwu. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àmujù omi náà lè pa asáré. Tí èèyàn bá ń mu omi ju òógùn tó ń jáde lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ máa di àpòlà omi, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á wú. Orí fífọ́, èébì, ìdààmú, gìrì, ó sì lè já sí ikú. Níbi márátọ́ọ̀nù Boston ọdún 2002, àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ asáré 488 tó parí eré. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì tó hàn jù lára wọn? Wọ́n wúwo sí i nígbà tí wọ́n parí ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìyẹn kọ́ mi ní ọgbọ́n kékeré kan. Mo máa ń gun òṣùwọ̀n kí n tó jáde, màá tún gùn ún tí mo bá dé. Tí mo bá fi kílò kan dín lẹ́yìn wákàtí kan, òógùn mi ju omi tí mo mu lọ ní nǹkan bíi lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé píọ̀ wọ́tà kan ní ìṣẹ́jú ogójì tó mi lásìkò ọyẹ́, àmọ́ kò tó mi nígbà ooru. Ìwọ̀n kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ mí, kì í ṣe kí n da ọ̀rá omi mẹ́ta sínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún rèé lórí oògùn. Àwọn kan máa ń lo ibuprofen kí wọ́n tó sáré kí ara má bàa ro wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nígbà tí omi bá ti dín lára, oògùn yẹn lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, kíndìnrín tó sì ti ń ṣiṣẹ́ agbára tẹ́lẹ̀ ni. Fún àwa AS, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oorun ni ibi ìkọ́lé

Eré fúnra rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan kan. Ó ń fọ́ nǹkan díẹ̀ ni, ó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá tún un ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ń dé nígbà tí ẹ bá sùn. Inú oorun àsùnwọra ni ara ti ń tú èròjà ìdàgbàsókè jáde jù. Ẹni tó bá sáré ní ìdájí, tó sì wà lórí fóònù títí di aago kan òru, ó ń pe bíríkìlà síbi iṣẹ́, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Bí kàlẹ́ńdà náà ṣe pé

Lọ́jọ́ tí a sá kìlómítà 21 wa, àwa mẹ́fà la jáde, ẹnì kan sì ń fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wa pẹ̀lú omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, iyàn bọ́ọ̀lù là ń jà. Láti kìlómítà 17, ẹnu dákẹ́, itan mi wúwo. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì, mo fi ẹsẹ̀ rin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni mo fi parí. Ìtọ̀ mi mọ́, gìgísẹ̀ mi ò dùn mí, ọkàn mi sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní tèmi, àwọn àmì mẹ́ta yìí níyì ju ìṣẹ́jú tí mo fi sá a lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo máa gbà yín níyànjú rèé. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Tí ẹ bá jẹ́ SS, tàbí tí àyà bá ti dùn yín rí nígbà iṣẹ́ agbára, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ṣàdédé kú lọ́mọdé, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ wá bàtà tó fẹ̀ dáadáa fún ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ wá ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ó parí. Tó bá dà bíi pé ó rọrùn jù, ẹ má fi kún un lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn yín ló ń sọ pé ó rọrùn. Iṣan àti egungun ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà.